Èkó sí London, Èkó sí Bàhíà: Kìlómítà Dọ́gba, Wákàtí Ò Dọ́gba

Ẹni tó bá fi òwú wọn ọ̀nà láti Èkó dé London lórí àwòrán ayé roboto, tó wá gbé òwú kan náà lọ sí ọ̀nà Salvador, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bàhíà ní Brazil, á rí i pé díẹ̀ báyìí ló kù kí òwú náà tó o. Láti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà dé Heathrow ní London tó nǹkan bíi 5,000 kìlómítà. Láti Ìkẹjà kan náà dé pápákọ̀ òfurufú Salvador tó nǹkan bíi 5,090. Ohun tí ọ̀kan fi ju èkejì lọ kò ju ìrìn Èkó sí Abẹ́òkúta.

Síbẹ̀, ẹni tó wọ bàálù London ní Ìkẹjà lálẹ́ á jẹun àárọ̀ lọ́hùn-ún. Ẹni tó ń lọ sí Bàhíà á máa wọ bàálù kan, á máa bọ́ sílẹ̀, á máa wọ òmíràn, odindi ọjọ́ kan á sì lọ sí i, bí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kìlómítà tó wà láàrin pápákọ̀ méjì kì í yí padà. Wákàtí ló ń yí. Atẹ́gùn lè fà á gùn tàbí kó gé e kúrú, ìjọba orílẹ̀-èdè tó wà lójú ọ̀nà lè ti bàálù sẹ́gbẹ̀ẹ́, iye èrò tó ń ná ọ̀nà náà ló sì ń sọ bóyá bàálù yóò lọ tààrà tàbí yóò yà.

Ìṣirò kìlómítà fúnra rẹ̀ kò le, pàápàá fún ọ̀nà London. Pápákọ̀ Ìkẹjà wà ní nǹkan bíi ìwọ̀n 6.6 sí àríwá agbedeméjì ayé. Heathrow wà ní ìwọ̀n 51.5. Ìlú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà tó ti àríwá wá sí gúúsù, torí náà ìyọkúrò lásán ló kù: 51.5 dín 6.6 jẹ́ 44.9. Yíyípo ayé lódindi tó nǹkan bíi 40,000 kìlómítà, ìwọ̀n 360 ni wọ́n sì pín in sí, nítorí náà ìwọ̀n kan jẹ́ nǹkan bíi 111 kìlómítà. Bí a bá sọ 44.9 di ọ̀nà 111, a ó rí 4,984. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é sẹ́yìn ìwé rẹ̀, kò sì ní fi ju ogún kìlómítà lọ ṣìnà.

Ọ̀nà New York ló ń dójú ti rúlà. Lọ́dún 1569, Gerardus Mercator ya àwòrán ayé pẹrẹsẹ kan fún àwọn atukọ̀ ojú omi, àwòrán náà sì di àwòkọ́ṣe fún ọ̀pọ̀ èyí tó wà lára ògiri ilé-ìwé di òní. Ẹni tó bá fi rúlà fa ìlà lé e lórí láti Èkó dé New York á rí i pé ìlà náà gba orí Ghana, Mali àti Senegal kó tó bọ́ sórí òkun. Ṣùgbọ́n bí ó bá na òwú sórí ayé roboto, òwú náà á tẹ̀ sí àríwá ju bẹ́ẹ̀ lọ: á gba orí Benin, Togo, àríwá Ghana, Burkina Faso, Mali àti Mauritania, lẹ́yìn náà ló tó kan Òkun Àtìláńtíìkì. Ọ̀nà òwú yìí ló kúrú jù, nǹkan bíi 8,440 kìlómítà. Ti rúlà fi nǹkan bíi 130 kìlómítà gùn jù ú lọ, ìyẹn ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án fún bàálù ńlá. Epo ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kì í ṣe owó kékeré fún ilé-iṣẹ́ tó ń ná ọ̀nà náà lójoojúmọ́.

Bàálù ńlá tó ń rìn jìnnà, irú bíi Boeing 777 tàbí Airbus A350, máa ń sáré tó nǹkan bíi 900 kìlómítà ní wákàtí kan, nígbà tó bá ti gòkè dé ẹsẹ̀ bàtà 35,000 sí 40,000. Bí a bá fi 900 pín 5,000, wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n la ó rí. Ohun tó sì máa ń wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì Èkó sí London ni wákàtí mẹ́fà àbọ̀, tàbí kó lé díẹ̀. Níbo wá ni wákàtí kan yẹn lọ?

Apá kan rẹ̀ ń lọ nílẹ̀. Aago tíkẹ́ẹ̀tì máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti bàálù sẹ́yìn kúrò níbi tó ti ń gbérò, kì í ṣe ìgbà tí táyà rẹ̀ bá kúrò nílẹ̀. Bàálù á rọra yí lọ sí ibi tí yóò ti sáré gbéra, á dúró de àwọn tó ti wà níwájú, á wá gbéra. Epo ìrìn gbogbo òru wà nínú rẹ̀, ó sì wúwo. Ó lè tó ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó gòkè dé ibi tó fẹ́, eré rẹ̀ kò sì ní tó 900 ní gbogbo àsìkò yẹn. Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà á tẹ́jú: orí Niger, orí Mali, orí Algeria. Aṣálẹ̀ Sàhárà nìkan ń gbà ju wákàtí méjì lọ, ẹni tó bá sì yọjú lójú fèrèsé lóru lè má rí ju iná ìlú kékeré kan tàbí méjì lọ láàrin òkùnkùn. Òkun Mẹditaréníà ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ilẹ̀ Faransé, níbi tí ìsọ̀kalẹ̀ ti ń múra àtibẹ̀rẹ̀.

Heathrow tún ní tirẹ̀. Ojú ọ̀nà méjì péré ni pápákọ̀ ńlá yẹn ní tí bàálù ń gbà bà, tó sì ń gbà gbéra. Bí bàálù bá ti pọ̀ ju ohun tí ojú ọ̀nà gbà lọ, àwọn tó ń darí ìrìnnà òfurufú á ní kí àwọn tó ń bọ̀ lọ máa yí po ní ọ̀kan nínú ibi ìdúró mẹ́rin: Bovingdon, Lambourne, Biggin tàbí Ockham. Wọ́n á tò wọ́n léra, ẹsẹ̀ bàtà 1,000 láàrin ọ̀kan àti èkejì. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló ń kọ́kọ́ jáde lọ bà, àwọn tó wà lókè rẹ̀ á wá sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Èrò inú bàálù lè máà mọ̀ pé òun ti wà nínú irú ìtòléra bẹ́ẹ̀, àfi bó bá ṣàkíyèsí pé ìyẹ́ bàálù ń tẹ̀ sí apá kan ṣáá, àti pé odò Thames kan náà ló tún ń kọjá lábẹ́ òun.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú mọ gbogbo èyí, wọ́n sì ń bu ìṣẹ́jú kún àkókò tí wọ́n ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ fi lè gbé ẹ̀rọ sẹ́nu láàárọ̀, kó ní ogún ìṣẹ́jú ló kù kí àkókò pé, àwọn ti gúnlẹ̀. Bàálù náà lè máà sáré ju ti àná lọ rárá. Kò kàn bá ìtòléra pàdé ni.

Atẹ́gùn ni ọ̀ràn kejì. Ní àwọn ọdún 1920, Wasaburo Oishi, onímọ̀ ojú ọjọ́ ará Japan, ń tú bálúùnù sójú sánmà láti fi wọn atẹ́gùn, ó sì rí i pé lókè réré, atẹ́gùn kan wà tó ń ṣàn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn pẹ̀lú agbára ńlá. Ó kọ ìròyìn rẹ̀ ní èdè Esperanto kí gbogbo ayé lè rí i kà, ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́ èdè náà kò tó nǹkan. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn awakọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà tó fò ga lórí Japan bá ìṣàn atẹ́gùn náà pàdé fúnra wọn.

Lónìí, kò sí bàálù tó ń ti Amẹ́ríkà lọ sí Yúróòpù tí kì í wá a. Lálẹ́ ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejì ọdún 2020, nígbà tí ìjì Ciara ń jà, Boeing 747 kan ti British Airways ti New York dé London láàrin wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ìrìn tó sábà máa ń gba wákàtí mẹ́fà sókè ni. Bí ènìyàn bá wo eré rẹ̀ láti ilẹ̀, ó lé ní 1,300 kìlómítà ní wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ kò ṣe ju iṣẹ́ ojoojúmọ́ lọ. Atẹ́gùn ló gbé e lẹ́yìn. Nínú bàálù èrò, Concorde nìkan ló ti fi agbára ẹ̀rọ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: lọ́dún 1996, ó fò ọ̀nà kan náà láàrin wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́tàléláàádọ́ta. Ọdún 2003 ni wọ́n gbé e sílẹ̀.

Àwọn ará Èkó tó ń ná New York mọ iṣẹ́ ọwọ́ atẹ́gùn yìí dáadáa, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lórúkọ. Àlọ wọn ń gba nǹkan bíi wákàtí mọ́kànlá, torí wọ́n kọjú sí atẹ́gùn. Àbọ̀ ń gba wákàtí mẹ́wàá àti díẹ̀, torí atẹ́gùn wà lẹ́yìn wọn. Ọ̀nà London kì í fi bẹ́ẹ̀ rí irú ìyàtọ̀ yìí. Láti gúúsù sí àríwá ló lọ, ẹ̀gbẹ́ ni atẹ́gùn náà sì ti ń lu bàálù.

Aago ara ògiri tún máa ń da ọ̀rọ̀ rú. Ká ní bàálù gbéra ní Ìkẹjà ní aago mọ́kànlá alẹ́ nínú oṣù Keje, tó dé New York ní aago márùn-ún ìdájí. Lójú ìwé, wákàtí mẹ́fà ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje, wákàtí márùn-ún ni New York fi wà lẹ́yìn Èkó: mọ́kànlá ni ìrìn náà. Nígbà àbọ̀, bó bá gbéra ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tó dé Èkó ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dà bíi wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àbọ̀. Ká yọ márùn-ún, ó ku mẹ́wàá àbọ̀. London rọrùn ju ìyẹn lọ. Láti ìparí oṣù Kẹta títí di ìparí oṣù Kẹwàá, aago Èkó àti ti London jẹ́ ọ̀kan náà. Nígbà òtútù, London á fi wákàtí kan wà lẹ́yìn. Nàìjíríà kì í yí aago tirẹ̀ padà.

Lẹ́yìn atẹ́gùn ni ìjọba. Ojú òfurufú tó wà lókè orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀, ó ń gbowó lọ́wọ́ bàálù tó ń kọjá níbẹ̀, ó sì lè tì í. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Keje ọdún 2023, àwọn ológun gbàjọba ní Niger. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ, wọ́n ti ojú òfurufú orílẹ̀-èdè náà pa. Orí Niger gan-an ni ìlà tó kúrú jù láti Èkó dé London gbà. Ti Libya àti ti Sudan ti wà ní títì tàbí léwu ṣáájú àkókò yẹn, ẹni tó bá sì fẹ́ gba ìhà ìlà-oòrùn kò ní ibi tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀. Àwọn bàálù kan tó ti wà lójú ọ̀nà lálẹ́ ọjọ́ yẹn yí padà. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn ní láti yí ìwọ̀-oòrùn gbà, èyí tó fi àkókò àti epo kún ìrìn wọn. Ó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án kí Niger tó ṣí ọ̀nà padà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàrin Finland àti Japan le ju èyí lọ. Láti ọdún 2022, tí Rọ́ṣíà ti ti ojú òfurufú rẹ̀ mọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ Yúróòpù, bàálù Helsinki sí Tokyo tó ń gba wákàtí mẹ́sàn-án àti díẹ̀ tẹ́lẹ̀ di èyí tó ń gba nǹkan bíi mẹ́tàlá. Nígbà mìíràn, orí òpin àríwá ayé ló ń gbà. Pápákọ̀ méjèèjì kò kúrò níbi tí wọ́n wà.

Ojú ọjọ́ pápákọ̀ tí a ń lọ náà ní agbára tirẹ̀. Òfin ìrìnnà òfurufú kò gbà kí bàálù gbé ìwọ̀n epo tó kàn máa gbé e débẹ̀ nìkan. Ó gbọ́dọ̀ gbé epo ìrìn náà, àlékún fún ohun àìròtẹ́lẹ̀, epo tó máa gbé e lọ sí pápákọ̀ mìíràn bí ti àkọ́kọ́ kò bá ṣeé bà sí, àti epo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lé gbogbo rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, ìlò epo yìí hàn gbangba. Kùrukùru bo Ìkẹjà, ẹ̀rọ tó ń tọ́ bàálù sọ́nà kò sì ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ni ọ̀pọ̀ bàálù tó ń ti ilẹ̀ òkèèrè bọ̀ bá lọ bà sí Accra. Èrò tó ti ìlú ọba wá, tó ti rò pé òun á sùn ní Èkó, bá ara rẹ̀ ní Ghana pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Kìlómítà tó kù fún un kò tó 450, àmọ́ àwọn kan lo ọjọ́ méjì gbáko kí wọ́n tó rí i rìn.

Fún àwọn tó lọ kàwé nílùú ọba láyé ìgbà kan, èyí kò ní jọ wọ́n lójú. Ọkọ̀ ojú omi Aureol ti ilé-iṣẹ́ Elder Dempster, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1951, ló ń kó èrò láti Àpápá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń yà láwọn èbúté bíi Freetown àti Las Palmas, ìrìn náà sì ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún 1974 ló ṣíwọ́, nígbà tí bàálù ti gba èrò lọ́wọ́ rẹ̀ tán.

Ọ̀nà Bàhíà ṣe ìdàkejì èyí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkọ̀ onígbòkun ń ti Bàhíà wá sí Èkó láì yà sí Yúróòpù. Inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn Àgùdà tó gbòmìnira ní Brazil bá wálé, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà lérékùṣù Èkó. Ọjà náà ń lọ, ó ń bọ̀: tábà àti ọtí ń ti Bàhíà wá; obì, epo pupa, ọṣẹ dúdú àti aṣọ òkè ń lọ fún àwọn ọmọ Yorùbá tó kù lọ́hùn-ún. Òwò yẹn tán, ọ̀nà tààrà sì bá a lọ. Bàálù tó fẹ́ fò fún wákàtí mẹ́fà tàbí méje nílò èrò tó máa kún inú rẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, lálọ àti lábọ̀. London ní irú èrò bẹ́ẹ̀ láti Èkó, débi pé nígbà tí Air Peace bẹ̀rẹ̀ Èkó sí Gatwick ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹta ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ mìíràn ti wà lójú ọ̀nà náà tipẹ́. Salvador kò ní i.

Ẹ wo ohun tí èyí ń sọ ìrìn náà dà. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tó wà ni pé kí ènìyàn wọ bàálù Ethiopian Airlines láti Èkó lọ sí Addis Ababa, nǹkan bíi 3,920 kìlómítà, ìlà-oòrùn pátápátá, tí Brazil sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti Addis, bàálù mìíràn á yí padà, á dá Áfíríkà kọjá lẹ́ẹ̀kejì, á dá òkun kọjá dé São Paulo: nǹkan bíi 9,930 kìlómítà. Láti São Paulo sí Salvador tún jẹ́ nǹkan bíi 1,450. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 15,300 kìlómítà, ìlọ́po mẹ́ta ọ̀nà tààrà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ti New York sí Singapore, ọ̀nà tó gùn jù tí bàálù èrò ń fò láì dúró, tí Singapore Airlines ń ná pẹ̀lú Airbus A350 fún nǹkan bíi wákàtí méjìdínlógún àti díẹ̀. Ẹni tó bá gba Johannesburg dípò Addis á dín in kù sí nǹkan bíi 13,400. Kò sí èyí nínú méjèèjì tó lè gba kéré sí wákàtí mẹ́rìndínlógún lójú òfurufú, ká má tíì ka ìdúró ní pápákọ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú lọ sí Brasília, Nàìjíríà àti Brazil tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ìrìnnà òfurufú, wọ́n sì dárúkọ Air Peace fún Èkó sí São Paulo. Ọ̀nà náà tó nǹkan bíi 6,350 kìlómítà. Ní eré 900, ó jẹ́ wákàtí méje àti díẹ̀. Bí a bá ka gbígbéra àti ìsọ̀kalẹ̀ mọ́ ọn, ó súnmọ́ mẹ́jọ. Apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà nítòsí agbedeméjì ayé, níbi tí ìṣàn atẹ́gùn òkè kò ti lágbára tó ti àríwá, torí náà àlọ àti àbọ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra bíi ti New York. Ká ní bàálù gbéra ní Ìkẹjà ní aago mẹ́wàá àárọ̀, aago méjì ọ̀sán ni yóò jẹ́ ní São Paulo nígbà tó bá dé, torí wákàtí mẹ́rin ni ìhà Brazil yẹn fi wà lẹ́yìn Nàìjíríà. Èrò tó bá rí bàálù aago márùn-ún wọ̀ láti ibẹ̀ lè wà ní Salvador kó tó di aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ kan náà.